Títo Ayùn Orí Tábìlì Kí Ó Lè Là Gbọọrọ Láìṣe Ènìyàn Léṣe



Kò sí olùkọ́ kan tí a óò rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìlú tàbí ti oko tí ọ̀ràn igi kò ní bá níbẹ̀ láìpẹ́. Àga àwọn ọmọ yóò ya. Ẹsẹ̀ pátákó ìkọ̀wé yóò máa mì. Fèrèsé kò ní padé mọ́ nígbà tí òjò bá mú kí igi rẹ̀ wú. Bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá ní yàrá iṣẹ́ ọwọ́, tí ẹ̀rọ ayùn sì wà níbẹ̀, ojú olùkọ́ ni gbogbo ènìyàn yóò máa wò. Nítorí náà ni àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ igi ní ọdún yìí fi rò pé ó yẹ kí a kọ ohun tí a ti kọ́ nípa títo ayùn orí tábìlì sílẹ̀, kí ó lè wúlò fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ayùn bá ti mú, ohun gbogbo ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ayùn lè mú, kí ó má gún. Ayùn tí ó mú tí kò sì gún a máa ba pákó jẹ́, a sì máa ba ọwọ́ jẹ́. Pákó tí ó bàjẹ́, a lè ra òmíràn. Ìka ọmọ ènìyàn kò ní ààrọ̀.

I. ORÚKỌ ÀWỌN Ẹ̀YÀ AYÙN

Ayùn tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní abẹ róbótó bí àwo ìjẹun, eyín sì yí etí rẹ̀ ká. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní yàrá iṣẹ́ kéékèèké ni èyí tí abẹ rẹ̀ fẹ̀ ní íńṣì 10, àní mìlímítà 254, láti etí kan dé èkejì. Abẹ náà wà lórí ọ̀pá irin kan lábẹ́ tábìlì. Iná mànàmáná ni ó ń yí i. Díẹ̀ nínú rẹ̀ sì yọ sókè láti ẹnu tí a ṣí sí àárín tábìlì.

Lórí tábìlì náà, ní ọ̀tún àti ní òsì abẹ, ni ojú ọ̀nà tóóró méjì wà tí a gbẹ́ sínú irin láti iwájú dé ẹ̀yìn. A óò máa pè wọ́n ní ipa. Nínú ipa ni irin kan ń rìn tí a fi ń ti pákó nígbà tí a bá ń gé e ní ìbú. A óò máa pè é ní arìnnípa. Irin gígùn tí a ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ abẹ, tí pákó ń fi ara tì nígbà tí a bá ń là á ní òòró, ni a óò máa pè ní atọ́nà. Lẹ́yìn abẹ ni irin pẹlẹbẹ kan dúró sí, tí kì í jẹ́ kí ojú ibi tí a ti là padé mọ́ra. Èyí ni ọ̀bẹ ẹ̀yìn, bí kò tilẹ̀ gé nǹkan kan. Lórí gbogbo rẹ̀ ni ìbòrí wà, tí ó ń ya ọwọ́ kúrò lọ́dọ̀ eyín.

II. ÌDÍ TÍ ÀÌGÚN FI LÉWU

Eyín abẹ ń yí bọ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń lo ayùn. Àwọn eyín iwájú ń sọ̀kalẹ̀, nítorí náà wọ́n ń tẹ pákó mọ́ tábìlì. Àwọn eyín ẹ̀yìn ń gòkè; bí wọ́n bá gbá pákó mú, wọn yóò gbé e sókè, wọn yóò sì sọ ọ́ padà lu ẹni tí ó ń tì í. Èyí ni a ń pè ní ìtapadà, nítorí pé pákó náà a máa ta gẹ́gẹ́ bí ẹṣin tí inú bí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀, kí a lè mọ irú agbára tí ó wà níbẹ̀. Abẹ mìlímítà 254, bí a bá fi 3.1416 sọ ọ́ di púpọ̀, àyíká rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 798. Bí abẹ náà bá yí ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, eyín kan yóò rin mítà 3,192 ní ìṣẹ́jú náà. Ní wákàtí kan, ìyẹn ju kìlómítà 191 lọ. Kò sí ọkọ̀ tí òfin gbà láyè láti sáré bẹ́ẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Ìyára tí pákó lè fi padà wá bá àyà wa nìyí. Bí ọwọ́ wa bá sì wà lórí pákó náà nígbà tí ó ta, ó lè fa ọwọ́ lọ sórí abẹ kí ojú tó ṣẹ́.

Ohun tí ó ń mú kí eyín ẹ̀yìn gbá pákó mú pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jùlọ. Èkínní, kí àlàfo tí ó wà láàárín abẹ àti atọ́nà máa fún mọ́ra bí a ti ń lọ sí ẹ̀yìn. Èkejì, kí igi fúnra rẹ̀ padé mọ́ra lẹ́yìn tí a là á, gẹ́gẹ́ bí igi tútù tàbí igi tí ó dàgbà ní wíwọ́ ti í ṣe. Ẹ̀kẹta, kí a ti yọ ọ̀bẹ ẹ̀yìn kúrò, tàbí kí ó má wà ní ojú kan náà pẹ̀lú abẹ.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ààbò àwọn oníbàárà ti ṣírò pé ìfarapa tí abẹ irú ayùn yìí ń fà ju 30,000 lọ lọ́dọọdún. Ní 1999, Stephen Gass ti ilẹ̀ náà hùmọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń mọ̀ nígbà tí ara ènìyàn bá kan abẹ, tí ó sì ń dá abẹ dúró kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá tó kọjá. Ìhùmọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ayùn tí ó wà ní yàrá iṣẹ́ kò ní irú rẹ̀, àní ayùn tí ó ní i pàápàá kò lè la pákó gbọọrọ bí a kò bá tò ó. Nítorí náà iṣẹ́ ìtò wà lọ́wọ́ wa síbẹ̀.

III. OHUN TÍ A NÍ LÁTI ṢE KÍ A TÓ BẸ̀RẸ̀

Kí a kọ́kọ́ yọ okùn iná kúrò lára ògiri. Pípa ẹ̀rọ nìkan kò tó. Ẹlòmíràn lè wọlé kí ó sì tàn án. Bí iná bá sì ti lọ nígbà tí a gbàgbé ẹ̀rọ ní títàn, ó lè dé lójijì nígbà tí ọwọ́ wa wà lára abẹ. Ẹni tí ó ń to ayùn ni kí ó gbé orí okùn náà sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa rí i títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Lẹ́yìn èyí, kí a gbá gbogbo ìyẹ̀fun igi kúrò lórí tábìlì, nínú ipa, àti lábẹ́ tábìlì níbi tí ó ti ń di mọ́ àwọn irin. Kí a fi aṣọ bo imú wa; ìyẹ̀fun ìrókò ní pàtàkì a máa ta imú àti awọ ara.

Kí a sì yẹ eyín abẹ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a ń lo ìrókò mọ ìdí rẹ̀. Òkúta líle a máa wà nínú igi ìrókò, èyí tí ojú kò lè rí láti òde. Bí eyín bá kàn án, ó lè ṣẹ́ tàbí kí ó kú. Arère rọ̀, kò sì ń yọ abẹ lẹ́nu, ṣùgbọ́n abẹ tí ìrókò ti ba eyín rẹ̀ jẹ́ yóò fa arère ya ni, kò ní là á. Bí abẹ bá ti kú, kí a mú un lọ fún ẹni tí yóò pọ́n ọn kí a tó wọn ohunkóhun.

IV. ÌTÒ NÁÀ, NÍ Ẹ̀SẸ̀Ẹ̀SẸ̀

Ẹ kíyèsí i pé ètò àwọn ẹsẹ̀ wọ̀nyí kò gbọdọ̀ yí padà. Ipa ni ìpìlẹ̀, nítorí inú irin tábìlì ni a gbẹ́ ẹ sí, kò sì lè ṣí kúrò. Abẹ ni a óò fi bá ipa mu. Lẹ́yìn náà ni a óò fi atọ́nà bá ipa mu. Ẹni tí ó bá to atọ́nà kí ó tó to abẹ ń rẹ́ ògiri kí ó tó mọ ọ́n ni.

Ẹsẹ̀ kìíní: abẹ àti ipa. Gbé abẹ sókè dé ibi tí ó lè dé. Fi ẹfun sàmì sí eyín kan, kí o sì yí i wá sí iwájú. Fi ọ̀pá igi kékeré kan dè mọ́ arìnnípa, kí o sì yí sukúrù kan bọ orí rẹ̀, títí orí sukúrù náà yóò fi kan eyín tí a sàmì sí, kí ó kàn án fẹ́rẹ́fẹ́ láìtì í. Nísinsin yìí yí eyín kan náà lọ sí ẹ̀yìn, kí o sì ti arìnnípa tẹ̀lé e. Bí orí sukúrù bá kàn án bákan náà, abẹ àti ipa dọ́gba. Bí àlàfo bá wà, tàbí bí sukúrù bá ń ti eyín, wọn kò dọ́gba.

Ẹnìkan lè béèrè pé, Èéṣe tí a fi gbọ́dọ̀ lo eyín kan náà? Ìdí rẹ̀ ni pé abẹ lè wọ́ díẹ̀, eyín kan sì lè yọ síta ju èkejì lọ. Bí a bá fi eyín kan wọn iwájú, tí a sì fi òmíràn wọn ẹ̀yìn, a kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni kò gún tàbí abẹ ni ó wọ́.

A kò nílò ohun èlò olówó ńlá láti wọn àlàfo náà. Ewé ìwé ìkọ̀wé kan nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí ewé kan bá lè wọ inú àlàfo náà ṣùgbọ́n tí méjì kò lè wọ̀ ọ́, iṣẹ́ náà ti dára tó fún àga àti tábìlì.

Ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí a gbé ayùn wa láti àgọ́ àtijọ́ wá sí yàrá tuntun, pákó arère bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú àpá dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni pé a fi iná jó o. Àga tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì kò sì ṣe é so pọ̀ láìsí àlàfo. Àwọn kan nínú wa ní abẹ ti kú, kí a ra tuntun. Olùkọ́ wa ní kí a wọ̀n ọ́n ná. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, a rí i pé ẹ̀yìn abẹ sún mọ́ ipa ọ̀tún, níbi tí a ń gbé atọ́nà sí, ju iwájú rẹ̀ lọ ní ìwọ̀n ewé ìwé mẹ́fà. Mímì tí ẹ̀rọ mì lójú ọ̀nà ti mú kí bóòtù abẹ́ tábìlì dẹ̀. A tò ó, a dè é, abẹ àtijọ́ náà sì la pákó tí ó ń dán. Owó abẹ tuntun ni a fi ra ìṣó àti àtè fún àga mẹ́jọ.

Bí a ti ń tún un ṣe nìyí. Ayùn pín sí oríṣi méjì. Nínú àwọn kan, abẹ́ tábìlì gan-an ni a so irin tí ó gbé abẹ mọ́. Nínú irú èyí, kí a dẹ bóòtù àwọn irin náà, kí a sì fi òòlù igi gbá wọn díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, ara àpótí ẹ̀rọ ni a so irin náà mọ́, tábìlì sì jókòó sórí àpótí. Nínú irú èyí, tábìlì ni a óò yí. Kí a dẹ bóòtù mẹ́ta, kí a fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀ ní dídè díẹ̀, kí tábìlì lè yí lórí rẹ̀. Nígbà tí a bá ń dè wọ́n padà, kí a máa dè wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí a sì tún wọ̀n ọ́n, nítorí dídè fúnra rẹ̀ a máa ṣí i nípò.

Ẹsẹ̀ kejì: atọ́nà. Gbé atọ́nà wá sí etí ipa, kí o sì fi ìka wò ó bóyá etí méjèèjì dọ́gba láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí kò bá dọ́gba, dẹ bóòtù orí rẹ̀, kí o tò ó. Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé láé: ẹ̀yìn atọ́nà kò gbọdọ̀ sún mọ́ abẹ ju iwájú rẹ̀ lọ. Bí yóò bá tilẹ̀ ṣàṣìṣe, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí abẹ ní ìwọ̀n ewé ìwé kan.

Ẹsẹ̀ kẹta: ìdúróṣánṣán abẹ. Gbé síkúwíà lé tábìlì, kí o sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ara abẹ ní àárín eyín méjì, kì í ṣe lórí eyín, nítorí eyín tẹ̀ síta díẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kọjá lókè tàbí nísàlẹ̀, yí abẹ títí yóò fi dúró ní dígírì 90, kí o sì to sukúrù tí ń dá a dúró síbẹ̀. Láti dán an wò, gé igi nínípọn kan sí méjì, dojú ọ̀kan dé, kí o sì fi ojú gígé méjèèjì kanra. Àlàfo tí ó bá hàn lókè tàbí nísàlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì àṣìṣe abẹ. Nítorí náà àṣìṣe tí ó kéré ju èyí tí ojú lè rí lára síkúwíà yóò hàn níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ kẹrin: arìnnípa. Ọ̀nà tí a fẹ́ràn jùlọ nínú ẹ̀kọ́ yìí ni gígé ẹ̀ẹ̀marùn-ún, nítorí ó mú ìṣirò wọ inú iṣẹ́ ọwọ́. Mú pákó pẹlẹbẹ kan tí ó tó mìlímítà 400 ní òòró àti ní ìbú. Gé ẹ̀gbẹ́ kan. Yí pákó náà kí ẹ̀gbẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè fara ti arìnnípa, kí o sì gé ẹ̀gbẹ́ tí ó kàn. Máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí a óò fi gé ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ẹ̀karùn-ún, tún gé ẹ̀gbẹ́ kìíní, ṣùgbọ́n kí o gé awẹ́ kan kúrò tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 25. Wọn fífẹ̀ awẹ́ yìí ní orí àti ní ìdí.

Bí arìnnípa bá gún, orí àti ìdí yóò dọ́gba. Bí kò bá gún, àṣìṣe rẹ̀ ti kó jọ ní ìgbà mẹ́rin nínú awẹ́ náà. Bí àpẹẹrẹ, kí a sọ pé orí fẹ̀ ní mìlímítà 25.0, ìdí sì fẹ̀ ní 24.2. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.8. Fi 4 pín in, ó ku 0.2. Nítorí náà arìnnípa ń yà kúrò lójú ọ̀nà ní mìlímítà 0.2 nínú gbogbo mìlímítà 400. Yí i díẹ̀, kí o sì tún gé ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí ìyàtọ̀ bá dínkù, ọ̀nà tí ó tọ́ ni o yí i sí. Bí ó bá pọ̀ sí i, yí i sí ọ̀nà kejì.

Ẹsẹ̀ karùn-ún: ọ̀bẹ ẹ̀yìn àti àwo ẹnu ayùn. Ọ̀bẹ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà ní ojú ìlà kan náà pẹ̀lú abẹ. Fi rúlà irin gígún tì wọ́n kí o lè rí i. Ó gbọ́dọ̀ nípọn ju ara abẹ lọ, ṣùgbọ́n kí ó má nípọn tó ojú ibi tí eyín là. Kí àlàfo tí ó wà láàárín rẹ̀ àti eyín má ju mìlímítà 8 lọ ní ojú tábìlì. Àwo tí ó yí ẹnu ayùn ká gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú tábìlì. Bí ó bá rẹlẹ̀, pákó kékeré yóò kọsẹ̀ níbẹ̀.

V. OHUN TÍ PÁKÓ Ń SỌ

Nígbà tí ìtò bá parí, kí a dá ìbòrí padà, kí a la pákó kan, kí a sì wo ojú rẹ̀. Bí àpá dúdú bá wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí atọ́nà, ẹ̀yìn atọ́nà ń fún pákó mọ́ abẹ. Bí ojú méjèèjì bá dúdú, abẹ ti kú, tàbí oje igi ti lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí ọwọ́ wa ń lọ́ra jù. Bí pákó bá ń ya kúrò lára atọ́nà bí a ti ń tì í, ẹ̀yìn atọ́nà ti jìnnà jù, tàbí etí pákó kò gún. Ẹni tí ó bá mọ èdè yìí kò ní máa ra abẹ tuntun nígbà tí sípánà nìkan ni ó yẹ kí ó mú.

Kí a rántí pẹ̀lú pé ojú ọjọ́ ń yí igi padà. Pákó tí a là ní àkókò òjò yóò súnkì nígbà ọyẹ́. Nítorí náà bí ìsopọ̀ bá ṣí ní oṣù kìíní, kí a má sáré dá ayùn lẹ́bi.

VI. NÍPA ỌWỌ́ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ

Ayùn tí a tò dáradára kò mú ìṣọ́ra kúrò. Kí a má dúró gan-an sí ẹ̀yìn pákó tí a ń là. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí a dúró sí, kí ìtapadà má bá àyà wa. Nígbà tí ó bá ku mìlímítà 300 kí pákó tán, kí a mú ọ̀pá ìtaari, kí a má fi ọwọ́ tì í mọ́. Kí a má lo atọ́nà àti arìnnípa pọ̀ lórí pákó tí a fẹ́ gé já, nítorí gígé náà yóò há sí àárín abẹ àti atọ́nà. Kí a má wọ ìbọ̀wọ́ tàbí agbádá lẹ́bàá abẹ tí ń yí.

Ní ti àwọn ọmọ kékeré, kò yẹ kí a jẹ́ kí wọ́n lo ẹ̀rọ yìí rárá. Ayùn ọwọ́ ni kí a fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n lè wò wá láti òkèèrè nígbà tí a ń wọn abẹ, tí okùn iná sì wà ní ilẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún wọn láti rí i pé àgbàlagbà ń wọ̀n kí ó tó gé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Wákàtí kan ni ìtò ayùn ń gbà. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, a sì fẹ́ kí gbogbo wọn pé títí di ọjọ́ ogbó.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Èéṣe tí a fi ń to abẹ kí a tó to atọ́nà?
2. Eyín mélòó ni a fi ń wọn iwájú àti ẹ̀yìn abẹ? Sọ ìdí rẹ̀.
3. Nínú gígé ẹ̀ẹ̀marùn-ún, orí awẹ́ fẹ̀ ní mìlímítà 26.3, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ ní 25.1. Mélòó ni àṣìṣe arìnnípa?
4. Abẹ kan fẹ̀ ní mìlímítà 200, ó sì ń yí ní ìgbà 4,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣírò ìyára eyín rẹ̀ ní wákàtí kan.
5. Pákó kan jáde pẹ̀lú àpá dúdú ní ẹ̀gbẹ́ atọ́nà nìkan. Kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí sì ni ìwọ yóò ṣe kí o tó fọwọ́ kan ayùn náà?